Pléètì Tí Màmá Ṣí Lórí Tábìlì

Ajah,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ọdún 2025.

Oyinkọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ìlú Leeds yẹn ti ń fún yín láyè díẹ̀? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, o ti rù. Má sọ fún mi pé kóòtù òtútù yẹn ló jẹ́ kí o rí bẹ́ẹ̀. Kóòtù kì í fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn wọnú. Jẹun dáadáa, mo bẹ̀ ọ́.

Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́. Àǹtí Fàúsátù aládùúgbò wa ní kí n kí ọ. Wọ́n ti gba yàrá ìsàlẹ̀ mọ́ tiwọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ránṣọ báyìí. Àwọn èèyàn wa létí ọ̀sà ní ẹja ò tó nǹkan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sórí ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ márúwá ló ń wà báyìí.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé rèé, torí pé lórí fóònù, ìjà ni ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ máa ń já sí, a sì ti jọ sọ pé ohun tó bá ṣe pàtàkì, ká máa kọ ọ́ sí ímeèlì. Ọ̀gá wa tó ni lábù, Dókítà Babájídé, ń wá iṣẹ́ ńlá kan. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù ní èbúté ńlá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí fẹ́ lábù tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọn wò. Wọ́n á wá bẹ̀ wá wò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìwé tó fi hàn pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ara ẹni lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn. Mo sọ fún Ọ̀gá pé nǹkan yẹn gan-an lọmọ mi ń kọ́ àwọn òyìnbó. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Jọ̀ọ́, fi fọ́ọ̀mù tí ẹ ń lò níbẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ kọ orúkọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i.

Iṣẹ́ ń lọ. Àánúolúwapọ̀, ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ níṣẹ́, ti lóyún oṣù márùn-ún. Àánú là ń pè é. Pẹ̀lú oyún náà, òun ló ń pẹ́ níbi iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì mú. Ó ń pè mí ní Mọ́mì, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń ta màlúù, Abdulmajeed lorúkọ rẹ̀, wá sọ́dọ̀ wa. Ibà ti ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Gbogbo oògùn ibà tó wà ní Ajah ló ti lò tán. A gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a gbìn ín sórí pléètì kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù, a ò tètè rí nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni nǹkan wá hù lórí pléètì, tín-tìn-tín bí orí abẹ́rẹ́. O mọ̀ mí. Mo gbé e sórí tábìlì, mo ṣí ìdérí, mo gbé e súnmọ́ imú. Nǹkan kan ò jáde! Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń fi imú dá kòkòrò mọ̀, òun nìkan ni kò dá mi lóhùn. Mo pe Àánú, mo ní kó gbọ́ ọ wò. Òun náà fà á símú lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò gbóòórùn kankan. A rẹ́rìn-ín títí. A ti fi í ránṣẹ́ sí lábù ńlá kan nígboro pé kí wọ́n bá wa dá a mọ̀.

Má gbàgbé fọ́ọ̀mù yẹn. Olúwa á máa ṣọ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Adékẹ́mi.


Leeds,
Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, ọdún 2025.

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ bá mi kí Àǹtí Fàúsátù. Mo ń jẹun, ẹ má dààmú. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀, torí ọkàn mi ò sí lọ́nà mọ́.

Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin tó ń ta màlúù, ibà ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ń lọ tó ń bọ̀, kòkòrò tín-tìn-tín tó pẹ́ kó tó hù. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Brucella. Ara màlúù àti ewúrẹ́ ló máa ń wà, inú wàrà tí wọn ò sè ló sì sábà máa ń gbà dé ara èèyàn. Ṣùgbọ́n nínú lábù, imú ló ń gbà wọlé. Kò sí ọ̀nà tó yá fún un ju kí èèyàn ṣí pléètì rẹ̀ kó fà á símú lọ. N ò sọ pé òun ni. Mo ń sọ pé ó lè jẹ́ òun, ẹ̀yin méjèèjì sì ti fà á símú.

Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn oṣù púpọ̀, kó tó fara hàn. Oògùn wà tí èèyàn lè tètè bẹ̀rẹ̀ kó tó di àìsàn. Ti aláboyún yàtọ̀, dókítà ló gbọ́dọ̀ yan tirẹ̀, torí kòkòrò yìí lè ba oyún jẹ́. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ pe lábù ńlá yẹn lónìí, ẹ sọ ohun tí ẹ fura sí fún wọn, kí àwọn náà má baà ṣí i lórí tábìlì lásán dípò inú àpótí ìdáàbòbò. Ẹ sọ fún Àánú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn sílẹ̀.

Mo ti fi fọ́ọ̀mù ìpegedé náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́ọ̀mù tí èèyàn ń jókòó kọ nǹkan sí o. Ẹnì kan á máa ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn á dúró tì í, á máa wo ọwọ́ rẹ̀, ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí nìkan ni yóò kọ. Ẹ wo ìlà keje: "Kì í gbé pléètì súnmọ́ imú." Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ nítorí yín.

Mo ń retí ìdáhùn yín.

Ọmọ yín,
Oyinkọ́lá.


Ajah,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, ọdún 2025.

Oyinkọ́lá,

Mo rí lẹ́tà rẹ. O kí mi, mo gbọ́.

Ìlà keje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Tí o bá fẹ́ sọ fún mi pé n ò mọṣẹ́, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ ní tààrà, tí o wá fi í sínú ìwé tí ọ̀gá mi máa kà? Nígbà tí kò síná ní lábù fún ọjọ́ mẹ́rin, tí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́, imú yìí ló ń sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn fún dókítà. Láti Lẹ́kkí Phase 1 ni àwọn kan ti ń fi mọ́tò ránṣẹ́ wá bá mi. Imú yìí ló rán ọ níléèwé. Ìwọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo ní kí o gbọ́ ọ wò, o ní ó ń run bí èso àjàrà, o sì gbà á! Mo jó lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tí kò pa ọ́?

O ní kí n lọ bá aláboyún, kí n sọ fún un pé nǹkan kan lè ba oyún rẹ̀ jẹ́, lórí "ó lè jẹ́". Ọdún mẹ́fà ló fi wá ọmọ yẹn. Ṣé o mọ ohun tí ìpayà ń fà fún aláboyún? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé ṣiṣẹ́, ẹ kì í ro ti èèyàn. Lábù ńlá yẹn ò tíì fèsì. Tí wọ́n bá fèsì, a ó mọ̀.

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù náà tán. Ọ̀sán àná ni mo jókòó tì í. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la yege, láti ìlà kìíní dé ogún. Ọ̀gá ti kó o sínú fáìlì. O ṣeun.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2025.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé imú yín ló tọ́ mi. N ò ní gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ ní àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yege ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ta ló dúró ti Àánú nígbà tó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, tó rí i bóyá ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ kan ara rẹ̀? Ta ló da omi pupa sílẹ̀ bíi pé ẹ̀jẹ̀ ni, tó ní kí wọ́n fi hàn òun bí wọ́n ṣe máa nù ún? Ta ló wo ẹ̀yin fúnra yín? Tí kò bá sẹ́nì kankan, ẹ jẹ́ ká má pè é ní ìpegedé. Orúkọ lẹ kọ.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan tí ẹ fi pa mí lẹ́rìn-ín lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní abẹ́rẹ́ gún Dàmọ́lá tó ń gbẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn, ó wá sọ fún Ọ̀gá, Ọ̀gá sì mú un kúrò nínú lábù lọ síwájú ilé, ó ní kó máa kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé fún oṣù kan gbáko, kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹ ní gbogbo yín ń pè é ní Àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni tún ti sọ pé abẹ́rẹ́ gún òun? Ṣé abẹ́rẹ́ ò gún èèyàn mọ́ ní Ajah ni?

Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í bá a wí. Ẹni tó bá fi pamọ́ là ń bá wí. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ibí dára jù wá lọ. Ó pẹ́ kí àwọn náà tó gbà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì bá a lọ kí wọ́n tó gbà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ dá mi lóhùn. Kí ni lábù ńlá yẹn sọ?

Oyinkọ́lá.


Leeds,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejì, ọdún 2025.

Màmá mi,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń retí yín. Mo pè yín títí, ẹ ò gbé e. Mo pe Àǹtí Fàúsátù, wọ́n gbé tiwọn. Wọ́n ní ojoojúmọ́ lẹ ń sá aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì yín, torí òógùn. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń ro yín, pé ògiri lẹ ń dì mú tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ẹ sọ pé ibà lásán ni, àti pé láràárọ̀ lẹ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ pẹ̀lú ike omi àdúrà lọ́wọ́. N ò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà. Èmi náà ń gbà á níbí. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá mi. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo da tíì sórí kọ̀ǹpútà mi.

Ohun kan wà tí n ò sọ fún yín rí. Ẹ rántí oṣù kẹta tí mo dé ibí, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo sọ fún yín pé wọ́n gbé mi kúrò ní yàrá kòkòrò lọ sí ọ́fíìsì, pé ìgbéga ni? Irọ́ ni mo pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí pléètì, mo sì gbé e súnmọ́ imú. N ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń ṣe é. Ìṣe yín ni, ó ti mọ́ mi lára láti kékeré. Ọ̀gá mi tó ń lọ lẹ́yìn mi ní, "Gbé e kalẹ̀." Kò pariwo. Ó dé pléètì náà, ó gbé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ àti bírò síwájú mi, ó ní kí n kọ ohun tí mo ṣe. Ẹkún ni mo fi kọ ọ́. Mo rò pé wọ́n máa dá mi padà sílé. Oṣù mẹ́rin ni n ò fọwọ́ kan tábìlì. Wọ́n tún mi kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dúró tì mí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, títí mo fi yege. Ibẹ̀ ni mo ti di ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

N ò sọ fún yín torí n ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ́ mi ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ yín ni mo ń pa mọ́. Tèmi ni mo ń pa mọ́. Ká ní mo ti sọ ọ́ fún yín nígbà yẹn, bóyá ẹ ò ní ṣí pléètì Abdulmajeed. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín.

Oyinkọ́lá.


Ajah,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Oyin mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo sunkún títí Fàúsátù fi wá kan ilẹ̀kùn. Odindi ọdún mẹ́ta lo fi gbé ìyẹn mì. N ò mọ̀ pé ọmọ mi lè bẹ̀rù mi tó bẹ́ẹ̀.

Èsì ti dé. Òun náà ni, Brucella. Wọ́n ti pe Abdulmajeed, ó ti ń gbàtọ́jú. Nígbà tí mo fi ìwé náà han Ọ̀gá, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fún òun láyè títí àwọn alábẹ̀wò yóò fi wá tí wọ́n á sì lọ. Ó ní tí irú èyí bá wọ inú ìwé, iṣẹ́ èbúté ti bọ́ nìyẹn, ẹ̀ka Ajah sì lè tì, kí àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa lọ sílé. Nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òun ló wá oògùn fún mi lábẹ́lẹ̀. Mo ti ń lò ó.

Mo bi í ní ti Àánú. Ó ní ṣebí ó ṣì ń dá wá sí ibi iṣẹ́, ó ní ká má lọ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé mo gbà. Nígbà tó yá, mo gbà lóòótọ́.

Ojú ń tì mí, Oyin. Ọmọ yẹn ń pè mí ní Mọ́mì. Láàárọ̀ tí mo bá ti ń gòkè, ó máa ń wá gba báàgì lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé ọwọ́ mi ló ti gbà á? Má kọ̀wé sí i. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́. Fún mi láyè díẹ̀.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ara líle. Inú mi dùn pé ẹ ti ń lo oògùn. Ẹ má dá a dúró lágbedeméjì, kódà tí ara bá yá.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ kọ sí mi. Ẹ̀yin ń lo oògùn. Àánú ń gba báàgì lọ́wọ́ yín.

N ò lè fún yín láyè. Mo ti ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù yìí, tí n ò gbọ́ pé ẹ ti sọ fún un, èmi á pè é láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Mo ti rò ó, ó dùn mí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Tó bá ti ẹnu mi gbọ́, ohun tí òun àti àwọn yòókù máa kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, à á pa á mọ́ra títí ẹni òkèèrè yóò fi wá tú u. Fọ́ọ̀mù kankan ò lè yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn wọn mọ́.

Ẹ ò sì sọ fún mi. Ọjọ́ wo gan-an ni èsì dé?

Oyinkọ́lá.


Ajah,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Oyinkọ́lá ọmọ mi,

Má pè é mọ́. Mo ti sọ fún un lánàá.

Lẹ́tà rẹ dùn mí dé egungun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé tí o bá délé lọ́dún yìí, n ò ní ṣílẹ̀kùn fún ọ. L'Ọ́jọ́rú, mo wọ aṣọ funfun mi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni Wòlíì Olúdélé pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. O mọ̀ pé wẹ́dà ni wọ́n, gbogbo géètì tó wà ládùúgbò wa, àwọn ló jó irin wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ríran sí mi ni. Wọn ò ríran kankan. Wọ́n kàn bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún láti ọjọ́ yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Àdúrà, ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, tí iná bá gbé èèyàn, nǹkan tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó pariwo, kí ẹlòmíì má lọ fọwọ́ kan irin yẹn. Àpíréǹtíìsì wa kan wà tí iná gbé, ojú tì í, kò wí nǹkan kan. Ẹnì kejì rẹ̀ lọ di irin kan náà mú. Ẹnì kejì yẹn la sin." Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà. Wọ́n ní àwọn á gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n lọ pariwo ná. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ padà lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Láàárọ̀ àná mo pe gbogbo wọn sídìí tábìlì. Ọ̀gá wà ní Phase 1. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sì fi pléètì tó ṣófo ṣàfihàn bí mo ṣe ṣe é fún wọn. Mo sọ orúkọ kòkòrò náà. Mo sọ pé òun ló ń ṣe mí, kì í ṣe ibà. Mo yọ fọ́ọ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo kọ jáde nínú fáìlì, mo fà wọ́n ya. 

Dàmọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, abẹ́rẹ́ tún gún mi ní November. Mi ò kàn sọ ni. Ta ló fẹ́ tún lọ jókòó níwájú?" Ẹlòmíì ní ìgò ẹ̀jẹ̀ fọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń yí, òun sì fi ọwọ́ lásán kó o. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.  Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n ò mọ ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí mo ń darí.

Èmi ni mo mú Àánú lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fún un ní oògùn tí aláboyún lè lò. Wọ́n gbọ́ ọkàn ọmọ náà, ó ń lù. Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan, ká máa retí èsì ní Ọjọ́rú. Samson ọkọ rẹ̀ bá wa níbẹ̀. Kò kí mi. N ò retí pé kó kí mi.

Ọ̀gá pè mí nírọ̀lẹ́, ó bú mi, ó ní kí n má wá mọ́ láti Ọjọ́ Ajé. Mo ní mo ti gbọ́. Àwọn ọmọ náà ní tí n ò bá wá, àwọn náà ò ní wá. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má dán an wò, kí wọ́n lọ máa ṣiṣẹ́ wọn. Fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́. Àánú ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, kì í ṣe èmi. Tí Ọ̀gá bá jẹ́ kí n padà, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ó ku ohun kan, n ò sì lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Kí á tó kúrò ní lábù lọ sí ọsibítù, Àánú dìde lórí àga. Ó lọ mú ìwé kan tó ṣì mọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ìlà sí i, ó kọ "Ìwé Ìṣẹ̀lẹ̀" sókè. Ó kọ orúkọ mi, ó kọ tirẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí a ṣí pléètì. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, ọjọ́ wo ni result yẹn dé ọwọ́ yín?"

Oyin, ìwọ náà bi mí ní ìbéèrè yẹn, n ò dá ọ lóhùn. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ pé wọn ò tíì fèsì, inú báàgì mi ni ìwé náà wà. Mo sọ ọjọ́ náà fún Àánú. Ó kọ ọ́. Ó ṣírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó kọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ọmọ yẹn ti ń làágùn, tó ń sọ fún mi pé oríkèé ń ro òun, èmi ni mo sì ń sọ fún un pé oyún ni, pé kó lọ sinmi.

Ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ní tenth yẹn, nǹkan kan ò tíì ṣe mí."

Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi, ó fún mi ní bírò, mo sì fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ,
Adékẹ́mi Ògúnlànà.